Fúrà Mile 12

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn ará Òkè Ọya tó ń ta tòmátò àti ata ní ọjà Mile 12 nílùú Èkó, kó lọ sọ́dọ̀ ìyá onífúrà. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe fúrà, oúnjẹ jéró tí wọ́n ń fi wàrà pò mu, wù mí gidigidi. Wọ́n á lọ ọkà jéró pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sè é. Gbígbóná ni wọ́n á gún un nínú odó, kí wọ́n tó tún un ṣù. Bí oníbàárà bá dé, ìyá á fọ́ ọ̀kan sínú igbá, á máa da wàrà kíkan sí i díẹ̀díẹ̀, á máa fi ìgbákọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igbá títí yóò fi kì, síbẹ̀ á fi èérún díẹ̀ sílẹ̀ fún eyín. Mímọ ìgbà tí ọwọ́ yóò dúró ló le jù níbẹ̀.

Àwọn alágbàrù á yí igbá kan ká, ìgbákọ kan náà á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sẹ́ni tó ń já a gbà. Ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n á ké “Bismillah” sí i, kó wá bá wọn mu. Àwọn ìyá aláta wa náà ń gbà á, wọ́n á mu, wọ́n á gbé e fún ẹni tó kàn, wọ́n á sì padà sídìí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ná.