Ohun tí Ìyọkúrò Ń Sọ àti Èyí tí Kò Lè Sọ: Orúkọ 999,983 Nínú Òǹkà Yorùbá

Láti ìgbà tí Adolphus Mann ti tẹ àkíyèsí rẹ̀ lórí òǹkà Yorùbá jáde ní 1887, ìyọkúrò kì í wọ́n nínú ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀. Àwọn kan kà á sí ẹrù wúwo fún ọmọ ilé-ìwé. Àwọn mìíràn ń fi í yangàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìṣirò wà nínú èdè náà láti ìpilẹ̀. Àwọn òǹkà kéékèèké bí 45 ni ìhà méjèèjì sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Òǹkà ńlá ni yóò dán wọn wò.

999,983 yẹ fún ìdánwò náà. Òun ni ó tóbi jù lọ nínú àwọn òǹkà àìpín tí kò tó 1,000,000. Òǹkà àìpín níhìn-ín ni òǹkà tí ó ju 1 lọ, tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Níwọ̀n bí ọ̀kẹ́ kan ti jẹ́ 20,000, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni 1,000,000; 999,983 sì jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín mẹ́tàdínlógún.

Mann ṣàlàyé pé márùn-ún márùn-ún ni àwọn tí ń ka owó ẹyọ máa ń fà á. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ owó ẹyọ yóò tò bẹ́ẹ̀ láìṣẹ́kù. Mẹ́tàdínlógún kò lè tò bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìdì tó gbẹ̀yìn yóò jẹ́ mẹ́ta péré. Ìlànà tó wà níbẹ̀ rọrùn: ohun tí ó bá pín ọ̀kan nínú òǹkà méjì láìṣẹ́kù, tí kò sì pín èkejì, kò lè pín ìyàtọ̀ wọn. 2 àti 5 pín 1,000,000, wọn kò pín 17; 17 pín ara rẹ̀, kò pín 1,000,000. Nítorí náà, orúkọ náà nìkan ti fi hàn pé 2, 5 àti 17 kò lè pín 999,983. Bí a bá kọ ọ́ ní díjíìtì, 2 àti 5 ṣì hàn níbi 3 tó gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n 17 fara pamọ́ pátápátá.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìyangàn dúró. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín mẹ́sàn-án, ìyẹn 999,991, jọ ọ́ ní ìhun, síbẹ̀ 17 lọ́nà 58,823 ni. Òǹkà àìpín 168 ni ó wà nísàlẹ̀ 1,000. Gbogbo wọn ni a gbọ́dọ̀ yọ kúrò kí 999,983 tó lè jẹ́ àìpín. Orúkọ rẹ̀ yọ mẹ́ta. Bí a bá tún wò ó gẹ́gẹ́ bí 999,999 tí a yọ 16 nínú rẹ̀, 3, 7, 11, 13 àti 37 náà yóò kúrò, nítorí wọ́n pín 999,999, wọn kò sì pín 16. Ó ku 160, ìṣirò lásán ni yóò sì parí ìyẹn.

Nítorí náà, àwọn tí ń ráhùn àti àwọn tí ń yangàn jọ ṣi ìyọkúrò lò. Kì í ṣe ìdènà, kì í sì í ṣe ẹ̀rí ọlá; irinṣẹ́ ni. Ìwé ẹ̀kọ́ tí ó bá ní kí ọmọ há orúkọ òǹkà sórí, tí kò sọ ohun tí orúkọ náà lè ṣe, ti fún un ní ọkọ́ láìfi oko hàn án.