Ẹ Dojú Bàtà Dé: Lórí Ìgbátí àti Ọwọ́ Aránbàtà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ àṣà bá ń kọ̀wé nípa bàtà oníìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọba Yorùbá, ojú bàtà ni wọ́n ń kà. Wọ́n a sọ àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ náà fún wa, wọ́n a sọ ojú ènìyàn àti ẹyẹ tí a fi yà sí i, wọ́n a sì túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí yóò sọ bí a ṣe so ojú bàtà náà mọ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ làbà, àpò awọ àwọn oníṣàngó tí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ń ṣe. Nígbà tí Joan Wescott àti Peter Morton-Williams kọ àpilẹ̀kọ wọn lórí rẹ̀ ní ọdún 1962, àmì àti ètò ìsìn ni wọ́n fi ṣe àkọlé. A kò bá wọn jà. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé láàárín àwọn aránbàtà, kò yẹ kí a dúró sí ojú iṣẹ́ nìkan. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé bàtà kéré sí ohun tí à ń kọ̀wé lé lórí. Ní Abomey àtijọ́, ọba nìkan ni ó ń wọ sálúbàtà. Àwọn ìjòyè ń fi ẹsẹ̀ lásán dúró níwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Àṣáńtì, bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọba kúrò lórí oyè, wọ́n a bọ́ bàtà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kan ilẹ̀.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí a fi ń so ojú bàtà mọ́ àtẹ́lẹ̀, èyí tí a kà sí ọ̀gá ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní trépointe, bí a bá fi ọwọ́ rán an. Trépointe náà kò ju awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó yí etí bàtà ká. Ìgbátí ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí pé bí ìgbátí ṣe ń di etí ẹ̀wù mú ni ó ṣe ń di etí bàtà mú.

Aránbàtà yóò kọ́kọ́ mú igi tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀, yóò kan awọ inú mọ́ ìdí rẹ̀, awọ líle tí ó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 5. Yóò fi ọ̀bẹ fín in yí ká títí tí ebè kékeré kan yóò fi yọ lára rẹ̀, pẹ̀lú poro lẹ́gbẹ̀ẹ́. A kò lo ọ̀rọ̀ oko yìí láti fi ṣe ẹwà: bí ebè náà bá kéré jù, kò ní di nǹkan mú; bí ọ̀bẹ bá sì wọlé jù, awọ yóò já. Lẹ́yìn èyí, yóò fi ẹ̀mú fa ojú bàtà bo igi náà, yóò sì fi ìṣó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà náà ni ó kan ìlu. Ìlu tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kì í ṣe èyí tí ó nà gbọọrọ. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, nítorí pé ó ní láti gba inú ebè kọjá, kí ó gba inú ojú bàtà, kí ó sì yọ lára ìgbátí, láì lu awọ inú já síbi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀. Okùn tí ó ń tẹ̀lé e jẹ́ fọ́nrán òwú ọ̀gbọ̀ mélòó kan tí a lọ́ pọ̀, tí a fi ìda oyin àti oje igi pa. Àwọn ọ̀gá Yúróòpù àtijọ́ kì í fi abẹ́rẹ́ sí i. Irun líle ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni wọ́n ń lọ́ mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé irun a máa tẹ̀ gba ọ̀nà tí ìlu là, irin abẹ́rẹ́ kò sì fẹ́ tẹ̀. Ẹnu okùn méjèèjì yóò gba inú ihò kan náà, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, aránbàtà yóò sì na apá rẹ̀ méjèèjì títí okùn yóò fi le dan-in. Bí ojú ìrán kan bá já lọ́jọ́ iwájú, èyí tí ó tẹ̀lé e ṣì dúró. Àyè tí ó ṣẹ́ kù lábẹ́ awọ inú ni à ń fi èèpo igi liège dí. Àtẹ́lẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn, ara ìgbátí nìkan ni a sì ń rán an mọ́, ní ìta.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà. Okùn tí ó mú àtẹ́lẹ̀ kò kan ojú bàtà rárá. Bí àtẹ́lẹ̀ bá jẹ tán, a ó tú u, a ó rán òmíràn sí i, ojú bàtà kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rọ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ ìránbàtà tí ó ń jẹ́ orúkọ Goodyear jáde ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1870 sí 1880. Fífa ojú bàtà bo igi ni ó ṣòro jù fún ẹ̀rọ, aláwọ̀ dúdú kan ni ó sì borí rẹ̀: Jan Matzeliger, tí a bí ní Paramaribo ní ọdún 1852, tí ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1883, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lynn. Ó kú ní ọdún 1889, kò tíì pé ọmọ ọdún 37. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ orúkọ náà. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kì í sábà fín ebè sára awọ. Aṣọ líle tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ awọ inú ni ó ń rán ìgbátí mọ́. Níbi tí ọwọ́ ti gbẹ́kẹ̀ lé awọ, àtè ni ẹ̀rọ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní Ifangni níbí, àti ní Igolo lẹ́nu ibodè, àtè náà ni ó jọba. Bàtà bọ́síkọ́rọ̀ tí a rà ní òwúrọ̀ lè la ẹnu kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pàápàá bí òjò bá dé. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí àtẹ́lẹ̀ wọn jẹ́ polyurethane, tí ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa a máa mú kí ó rún bí àkàrà àná. Aránbàtà abẹ́ igi ni ó ń gbà wá. Ó fi ìlu rán àtẹ́lẹ̀ mọ́ ojú bàtà tààrà, ìrán rẹ̀ a sì máa dúró ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Ọwọ́ wa mọ ìlu, nígbà náà. Ohun tí a kò kọ́ ọ ni ìgbátí.

Èyí tí ó dùn wá jù ni bàtà aláǹkárá tí a ń pàtẹ lónìí gẹ́gẹ́ bí àṣà ìbílẹ̀. Ojú rẹ̀ dára, a kò jiyàn. A ti dojú irú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta: aṣọ tí a lẹ̀ mọ́ páálí, páálí tí a lẹ̀ mọ́ rọ́bà, kò sí ojú ìrán kan ṣoṣo. Àwọn tí ń fún un ní ẹ̀bùn kò wo ju àwọ̀ lọ. Bí àpẹẹrẹ ojú aṣọ bá tó láti sọ bàtà di iṣẹ́ ọnà, kí ni ọmọ iṣẹ́ fi lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá?

Àwọn kan yóò sọ pé ìgbátí kì í ṣe tiwa, pé òyìnbó ni ó mú un wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n awọ jẹ́ tiwa. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé àwọn oníṣọ̀nà awọ ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe awọ fúnra wọn. Awọ ewúrẹ́ pupa láti Kánò àti Sókótó la aginjù kọjá dé àríwá, àwọn ará Yúróòpù sì sọ ọ́ ní maroquin, bí ẹni pé Mòrókò ni a ti ṣe é. Ẹni tí ó fún nǹkan lórúkọ ni ó ń gbà á. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbátí wọ ẹnu àwọn ọmọ iṣẹ́ wa kí trépointe tó wọ̀ ọ́.

Àríwísí tí ó wúwo jù ni ti owó. Ìgbátí tí a fi ọwọ́ rán ń gba àkókò, oníbàárà kò sì fẹ́ sanwó àkókò. Wọ́n tún ní àtẹ́lẹ̀ awọ kò lè bá ẹrẹ̀ pupa Ifangni ṣọ̀rẹ́. A gbà. Ṣùgbọ́n ìgbátí kì í yan àtẹ́lẹ̀: rọ́bà táyà tí àwọn aránbàtà wa ti mọ̀ bí a ṣe ń gé yóò gbà á dáadáa, ẹni tí ó bá sì pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní ra bàtà mẹ́rin.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní fún àwọn ọ̀gá. Ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ ọmọ iṣẹ́, kí wọ́n mú bàtà kan tí ọmọ náà fi ìgbátí rán, kí wọ́n tú àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, kí ọmọ náà sì jókòó rán òmíràn sí i. Kò ní pẹ́ ju ọ̀rọ̀ àwọn àlejò pàtàkì lọ.