Ohùn Tí Kò Ní Àmì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ó jọ pé a kì í rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní lítíréṣọ̀. A ń kọ́ wọn ní àhunpọ̀ ìtàn, a ń kọ́ wọn ní ìfìwàwẹ̀dá àti ibùdó ìtàn. Bí ó bá wá kan ọ̀rọ̀ ohùn, ìyẹn irú ojú tí òǹkọ̀wé fi ń wo ohun tí ó ń sọ àti ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún, a ó kàn to orúkọ sára pátákó: ìbínú, ìbànújẹ́, ẹ̀fẹ̀, ẹ̀gàn, àánú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há wọn sórí, yóò sì máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìdánwò bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́.

Orúkọ náà gan-an wà lára ohun tí ń dà wọ́n láàmú. Ohùn tí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, tí ó ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba, tí ó sì ya igba sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà. Ìyẹn ní àmì. Ohùn kejì kò ní. Bí a bá kí ọ̀lẹ tí ó sùn di ọ̀sán pé “Ẹ kú iṣẹ́ o,” àmì tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ rárá sí ti èyí tí a fi kí àgbẹ̀ tí ó ti oko dé. Síbẹ̀, ọ̀lẹ mọ̀ pé wọ́n bú òun. Ojú ẹni tí ó kí i ni ó fi mọ̀, àti bí ó ṣe fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Inú ìwé kò ní ojú, kò sì ní ètè. Ohun tí òǹkọ̀wé kò lè fi ojú ṣe, ọ̀rọ̀ ni yóò fi ṣe é. Ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a ti wá a.

Mo dán èyí wò pẹ̀lú àwọn ọmọ SS 2 kan ní Gowon Estate, ní ìhà Ìpájà, àdúgbò tí a fi orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon pè, ẹni tí ó ṣe olórí Nàìjíríà láti 1966 sí 1975. Mo kọ gbólóhùn kan tí mo ṣẹ̀dá fúnra mi sójú pátákó: “Alàgbà wa jẹ abọ́ iyán mẹ́ta tán, ó nu ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù lórí àwẹ̀.” Mo béèrè irú ohùn tí ó jẹ́. Ọ̀kan ní ohùn ìwàásù ni. Òmíràn ní ohùn ẹ̀sìn. Ọmọbìnrin kan tí kò tí ì sọ nǹkan kan bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?” Ó ní, “Ẹnu tó nù yẹn ni, sà.”

Etí ọmọ náà ti gbọ́ ohun tí orúkọ orí pátákó kò jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́. Ohun tí ó kù fún mi kò ju pé kí n bá a wá ìdí ẹ̀rín rẹ̀. A yí gbólóhùn náà padà: “Bí alàgbà wa ti wàásù lórí àwẹ̀ tán, ó jẹ abọ́ iyán kan.” Ẹ̀fẹ̀ kú. Alàgbà kan náà ni, iyán àti ìwàásù kan náà ni, ṣùgbọ́n ètò ti yí padà, abọ́ ti dín, ẹnu nínù ti lọ. Àwọn ọmọ náà rí i fúnra wọn pé kò sí èébú kan nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, síbẹ̀ ẹ̀gàn kún inú rẹ̀. Ohun tí a gbé ti ara wọn ni ó ṣiṣẹ́ náà.

Láti ibẹ̀ ni a ti lè lọ sí iṣẹ́ tí ó wúwo jù. Ní Èkó yìí kan náà, ní 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà ni ó di ìwé Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá. Thomas ni ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ tí ó ń ronú pìwà dà ni ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há orúkọ sórí yóò kọ “ìbànújẹ́”, kò sì ní jẹ̀bi pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó wo orúkọ tí obìnrin náà fi ń pe ara rẹ̀: Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láíyé. Ṣé bí ẹni tí ojú ń tì ṣe ń pe ara rẹ̀ nìyí? Èdè oríkì ni. Ó ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ń fi adùn rántí rẹ̀. Òǹkọ̀wé sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún wa, ó sì ń dá wa lára yá. Ohùn mẹ́ta ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹkún ìyàwó. Ẹni tí ó bá fi orúkọ dá a lẹ́jọ́ yóò ní ìbànújẹ́ ni. Inú rẹ̀ ni ìyàwó sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, tí ó ń fi ìran rẹ̀ yangàn, tí ó sì ń bẹ̀rù ilé ọkọ.

Àwọn olùkọ́ kan yóò ní bí ó bá ṣe dún létí kálukú ni. N kò gbà. Bí ó ṣe dún létí ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí ni ó ń sọ ọ́ di ìmọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ka àyọkà náà sókè ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ó mọ èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbà láàyè. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́rìí sí i. Èyí tí kò bá rí ẹlẹ́rìí, kí ó fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ìdánwò lọ. Orí fóònù ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa wà báyìí, níbi tí “O ṣeun” kan ti lè tú ọ̀rẹ́ ká nítorí pé ẹni tí ó kà á kò mọ ojú tí a fi kọ ọ́. Olóṣèlú ń fi ohùn àánú tọrọ ìbò, olówò ń fi ohùn ọ̀rẹ́ polówó ọjà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ọmọ tí a kò kọ́ láti gbọ́ ohùn, àbọ̀ náà ni yóò máa gbé kiri, yóò sì máa rò pé odidi ni.