Fíìmù "Rush": Akin Tó Mọ Ìjà, Tó sì Mọ Ìsá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí awakọ̀ méjì bá ń bára wọn díje, tí òjò ń rọ̀ bí ẹni fi garawa dà á, tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà, tí ọ̀kan tẹná mọ́ ọkọ̀ tó ń bá eré lọ, tí èkejì sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bọ́ sílẹ̀, tó ní òun ò ṣe mọ́, ta ni akin nínú àwọn méjèèjì?

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa dáhùn. Bó ṣe kọ́kọ́ wá sí èmi náà lọ́kàn nìyẹn. Àmọ́ fíìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní "Rush", tó jáde lọ́dún 2013, tó mú mi ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tèmi, ìbéèrè yìí gan-an ni fíìmù náà dá lé lórí. Ó dáhùn rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tó yẹ kó dúró ti ìdáhùn rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí nìyẹn.

Ron Howard, ọmọ Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀. Peter Morgan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n mú: ìdíje eré ọkọ̀ àgbáyé ti ọdún 1976, èyí tí wọ́n ń pè ní Formula One. Àwọn méjì tó ń bára wọn fà á ni James Hunt, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń wa McLaren, àti Niki Lauda, ọmọ Ọ́síríà, tó ń wa Ferrari. Lauda ló gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́dún 1975. Hunt fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eré 16 ni wọ́n sá lọ́dún náà káàkiri ayé, nígbà tí wọ́n sì ka gbogbo máàkì tán, ẹyọ kan péré ló wà láàárín wọn: 69 sí 68. Ká ní òǹkọ̀wé kan ló jókòó ro èyí fúnra rẹ̀, ṣé a ò ní sọ pé irọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù?

Iná àti omi ni fíìmù náà fi àwọn méjèèjì ṣe. Chris Hemsworth ló ṣe Hunt: ọkùnrin gíga, arẹwà, onírun wúrà. Ọtí rèé, sìgá rèé, obìnrin rèé. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á bì gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀. Tó bá ti wọnú ọkọ̀ tán, ó di ẹkùn. Daniel Brühl ló ṣe Lauda. Eyín Lauda yọ síta, wọ́n sì ń fi pè é ní eku. Inú ilé olówó ní ìlú Vienna ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ ò fẹ́ iṣẹ́ eré ọkọ̀, wọn ò sì ràn án lọ́wọ́. Ó lọ yá owó ní báǹkì, ó fi ra àyè fún ara rẹ̀ láàárín àwọn awakọ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n. Bí ọkọ̀ kò bá dára, á sọ ọ́ lójú ẹni tó ṣe é.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Lauda àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marlene, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, ń lọ lójú ọ̀nà kan ní Ítálì. Ọkọ̀ bàjẹ́. Marlene bọ́ sójú títì, ó fi ẹwà rẹ̀ dá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dúró. Àwọn ọ̀dọ́ náà bọ́ sílẹ̀, wọ́n sáré kọjá lára obìnrin náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Lauda: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wa ọkọ̀ wa!" Lauda gba ọkọ̀, ó wá ń wà á jẹ́ẹ́jẹ́ bí bàbá arúgbó. Marlene ò gbà gbọ́ pé sáré-sáré ni. Lauda ní kí ni òun fẹ́ torí rẹ̀ sáré? Ewu á pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó sanwó fún òun. Ìgbà tí obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ ló tó tẹná, tí gbogbo wọn ń pariwo lẹ́yìn.

Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo ọkùnrin náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò ni. Níbòmíràn nínú fíìmù náà, ó sọ pé gbogbo ìgbà tí òun bá wọ ọkọ̀, òun mọ̀ pé òun lè kú. Ewu 20 nínú 100 ni òun gbà. Bó bá ti lé ní 20, òun ò gbà á.

Ó wá di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1976, ní Nürburgring, ilẹ̀ Jámánì. Ojú ọ̀nà tó ju kìlómítà 22 lọ ni, tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín òkè àti igbó. Òjò rọ̀. Nínú fíìmù náà, Lauda pe àwọn awakọ̀ jọ, ó ní kí wọ́n má sáré lọ́jọ́ náà. Hunt dìde, ó takò ó: ó ní torí pé máàkì Lauda pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìbò. Lauda fìdí rẹmi. Wọ́n sá eré náà.

Ọkọ̀ Lauda ya kúrò lọ́nà, ó forí sọ, ó gbiná. Awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, Arturo Merzario, Guy Edwards, Brett Lunger àti Harald Ertl, ló dáwọ́ eré dúró, tí wọ́n kó sínú iná láti yọ ọ́. Orí rẹ̀ jóná, ojú rẹ̀ jóná, etí ọ̀tún rẹ̀ jẹ lọ, èéfín olóró sì ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nílé ìwòsàn, fadá wá gba àdúrà ẹni tó ń re ọ̀run fún un. Kò re ọ̀run.

Ọjọ́ 42 lẹ́yìn náà, ó tún ti wà nínú ọkọ̀ ní Monza, ilẹ̀ Ítálì. Ipò kẹrin ló ṣe. Bí fíìmù yìí ṣe ṣàfihàn ọjọ́ 42 yẹn le láti wò. Wọ́n ki irin gígùn bọ̀ ọ́ lọ́fun láti fa ìdọ̀tí inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ló ń wo Hunt lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń kó máàkì jọ. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó gbé akoto, ó fẹ́ fi tipátipá wọ̀ ọ́ lé báńdéèjì àti egbò lórí. Mo gbójú kúrò. Brühl kò ṣe é kí á lè káàánú rẹ̀, kò sunkún sí wa lára. Bí ẹni ń tún ọkọ̀ ṣe ló ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. Lójú mi, kò sí òṣèré tó ṣe tó o nínú fíìmù náà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Fuji, ní Jàpáànì, ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá, eré àṣekágbá. Lauda ní 68, Hunt ní 65. Òjò ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Iná ti jẹ ìpéǹpéjú Lauda, kò lè ṣẹ́jú bó ṣe yẹ. Ó sá ìyípo méjì, ó yà wọlé, ó bọ́ sílẹ̀. Ó ní ewu náà ti pọ̀ jù. Hunt dúró sójú ọ̀nà, táyà rẹ̀ jó, ó wọlé pààrọ̀ rẹ̀, ó jáde, ó ń lé wọn lọ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó ṣe ipò kẹta. Máàkì mẹ́rin nìyẹn. 69. Hunt gba ipò kìíní lágbàáyé.

Ìtàn kan wà nípa ọjọ́ náà tó wù mí ju gbogbo eré náà lọ. Nígbà tí Lauda bọ́ sílẹ̀, Mauro Forghieri, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fún Ferrari, fẹ́ bò ó láṣìírí: ó ní kí àwọn sọ fáyé pé ẹńjìnnì ló bàjẹ́. Lauda kọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ òótọ́, pé òun lòun dúró. Ẹ wò ó ná! Ẹni tí iná jó, tó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n gbé irọ́ kékeré tó máa gbà á lọ́wọ́ ìtìjú fún un, ó dá a padà. Ìgboyà wo ló tún kù?

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ bá fíìmù náà rò nìyí. Kò dúró pẹ́ níbẹ̀. Kí Lauda tó yà wọlé, wọ́n fi Marlene, tó ti di ìyàwó rẹ̀, hàn wá, bí ẹni pé ìfẹ́ ìyàwó ló rọ ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ìfẹ́ dára, n ò bá ìfẹ́ jà. Ṣùgbọ́n fíìmù yìí kan náà ló ti kọ́ wa pé ẹni tó ń ṣírò ni. Ewu lé ní 20, ó dúró. Ìdáhùn náà ti pé. Àfi bí ẹni pé àwọn tó ṣe fíìmù náà rò pé a ò ní gbà kí ọkùnrin dúró nítorí làákàyè nìkan. Kíá ni wọ́n sì gbé gbogbo ìlù àti fèrè tí Hans Zimmer kọ lé Hunt lórí.

Ẹjọ́ kejì: wọ́n sọ wọ́n di ọ̀tá. Láyé òótọ́, ọ̀rẹ́ ni Hunt àti Lauda. Nígbà tí orúkọ wọn kò tíì dé ibì kankan, wọ́n jọ gbé ilé kan náà fún ìgbà díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ Peter Morgan fẹ́ràn kó fi ènìyàn méjì kojú ara wọn. Òun náà ló kọ "Frost/Nixon", tí Ron Howard sì sọ di fíìmù lọ́dún 2008. Ó tiẹ̀ fi kún un pé Hunt na akọ̀ròyìn kan nínakúnà torí pé ó bi Lauda léèrè ọ̀rọ̀ burúkú nípa ojú rẹ̀ tó jóná àti ìyàwó rẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Èmi tí mò ń fi kálàmù jẹun mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìgbátí. N ò bínú sí ẹ̀ṣẹ́ náà. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n wá ẹ̀ṣẹ́ tí kò sí láti fi ìfẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ hàn.

Bẹ́ẹ̀, ibi tó dára jù láàárín àwọn méjèèjì kò ní ẹ̀ṣẹ́ nínú. Ní Monza, Hunt wá bá Lauda, ó fẹ́ tọrọ àforíjì, torí pé òun ló ta ko ìmọ̀ràn rẹ̀ ní Jámánì. Lauda gbà pé ó jẹ̀bi. Ó wá fi kún un pé bí òun ṣe ń wo Hunt tó ń borí lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn náà ló gbé òun dìde. Bí ìdíje ṣe rí nìyẹn láàárín àwọn ọ̀rẹ́. Ọ̀tá kò lè ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀tá.

Kí ló wá gbẹ̀yìn wọn? Hunt kò tún gba ipò kìíní yẹn mọ́. Ó fi eré sílẹ̀ lọ́dún 1979, ó di asọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ lórí BBC, àyà rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1993. Ẹni ọdún 45 ni. Kò sí láyé láti wo fíìmù náà. Lauda gba ipò kìíní lọ́dún 1977, ó tún gbà á lọ́dún 1984, ó fi ìdajì máàkì ju Alain Prost lọ. Ó rí fíìmù náà, ó sì sọ pé ó dára. Ọdún 2019 ló kú, lẹ́ni 70.

N ò sọ èyí láti fi Hunt ṣe yẹ̀yẹ́ o. Akin ni. Ó sá eré tirẹ̀, ó sì jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: akin tó mọ ìjà, tí kò mọ ìsá, níí bá ogun lọ. Ẹ wá fíìmù "Rush" wò. Ariwo ẹńjìnnì inú rẹ̀ á mú orí yín wú, ìgbéyàwó Hunt tó tú ká á pa yín lẹ́rìn-ín, á sì bà yín nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Fuji, tí Lauda bá bọ́ sílẹ̀ nínú òjò yẹn, ẹ má jẹ́ kí ìlù gbé yín tẹ̀ lé ọkọ̀ Hunt kíákíá. Ẹ dúró díẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó bọ́ sílẹ̀.