Àdúrà Ìdílé Àgùdà ní Àsìkò Kérésìmesì

Fún ìdílé tó jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, ọdún Kérésìmesì kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa adìyẹ, kì í sì í parí nígbà tí ìrẹsì bá tán nínú ìkòkò. Ìmúra ti ń lọ láti Ọjọ́ Ìsinmi tó sún mọ́ 30 Oṣù Kọkànlá jù lọ, nígbà tí Ádífẹ́ǹtì bá wọlé. Láti alẹ́ 24 Oṣù Kejìlá ni àjọ̀dún gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ títí di ìrántí Ìrìbọmi Olúwa nínú Oṣù Kìíní. Iṣẹ́ Fádà ni Mísà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìsìn tó kù wà lọ́wọ́ bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ nínú pálọ̀ wọn.

Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òṣùká ewé tí wọ́n gbé àbẹ́là mẹ́rin lé. Mẹ́ta jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, ọ̀kan tó kù jẹ́ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ń tan ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kìíní, méjì ní ọ̀sẹ̀ kejì, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi máa jó. Àbẹ́là pupa fẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kẹta, nítorí Ìjọ ya Ọjọ́ Ìsinmi yẹn sọ́tọ̀ fún ayọ̀. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe Àgùdà ló dá àṣà yìí sílẹ̀: pásítọ̀ Ìjọ Luther kan, Johann Hinrich Wichern, ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì lọ́dún 1839, kí àwọn ọmọ tí ó ń tọ́ lè fi ka ọjọ́.

Ibùjẹ ẹran tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí ìbí Jésù ni ọkàn àwọn ọmọdé máa ń fà sí jù. Ní Greccio, ní ilẹ̀ Ítálì, ni Fransisi Mímọ́ ti Assisi ti ṣe èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ní Kérésìmesì ọdún 1223. Kò lo ère kankan. Koríko gbígbẹ, màlúù kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ló kó jọ, wọ́n sì rú ẹbọ Mísà níbẹ̀. Nínú ilé tiwa, páálí ni ògiri, imọ̀ ọ̀pẹ ni òrùlé, iyanrìn àti koríko ni ilẹ̀. Àwọn mìíràn a tún máa fọ́n òwú sórí rẹ̀ bíi yìnyín, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ lóde tí ètè gbogbo ènìyàn sì ń bó. Mi ò rí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ka Ìhìnrere Lúùkù dáadáa kò ní rí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ níbẹ̀. Inú ìwé Wòlíì Aísáyà, orí kìíní, ẹsẹ kẹta, ni Ìjọ ti mú wọn wá. Wọ́n máa ń fi ibùjẹ náà sílẹ̀ lófìfo títí di alẹ́ 24. Nígbà tí ìdílé bá ti Mísà òru dé, ọmọ tó kéré jù nínú ilé ni wọ́n máa ń ní kó gbé Jésù Ọmọ-ọwọ́ síbẹ̀, gbogbo ilé a sì kúnlẹ̀.

Àdúrà fúnra rẹ̀ ni òpómúléró. Láti 16 sí 24 Oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa gba àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n a sì máa ka Rósárì lálaalẹ́. Bàbá tàbí ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ Mo kí ọ Màríà, àwọn yòókù yóò gbè é. Òbí tó gbọ́n a máa pín Mo kí ọ Màríà mẹ́wàá-mẹ́wàá fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa darí rẹ̀, torí ọmọ tí ìlẹ̀kẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ráyè tòògbé. Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ ló bá àsìkò náà mu jù, ọ̀rọ̀ ìdílé sì ni láti òkè délẹ̀: ìròyìn oyún, àbẹ̀wò sọ́dọ̀ ìbátan tó lóyún, ìbímọ lẹ́yìn odi, gbígbé ọmọ lọ sí Tẹ́ḿpìlì, àti ọmọ ọdún méjìlá tí àwọn òbí wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹyẹ méjì tí Jósẹ́fù àti Màríà mú lọ sí Tẹ́ḿpìlì jẹ́ ọrẹ tí òfin gbà láyè fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àgùntàn. Ìdílé tí owó ọdún kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè ronú lé èyí lórí dáadáa.

Kì í ṣe òní ni irú ìsìn abẹ́lé yìí ti ń gbé ìgbàgbọ́ ró nílẹ̀ wa. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ń kóra jọ gbàdúrà kí àlùfáà tó wá bá wọn gbé. Padre Antonio, tí kò gba oyè àlùfáà rí, ló ń darí wọn. Míṣọ́nnárì kan, Fádà Borghero, yà sí Èkó ní 1863, ṣùgbọ́n ó di 1868 kí àlùfáà tó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ní 1964, Àpérò Vatican Kejì pe ìdílé ní Ìjọ inú ilé. Àwọn ará Èkó ti ń ṣe é tipẹ́.

Àwọn ọjọ́ tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù ni àwọn tó tẹ̀ lé 25 Oṣù Kejìlá. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá bọ́ sáàárín 25 Oṣù Kejìlá àti 1 Oṣù Kìíní ni ti Ìdílé Mímọ́, àjọ̀dún tí Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún sọ di ti gbogbo Ìjọ ní 1921. Ọjọ́ kìíní ọdún jẹ́ ti Màríà Ìyá Ọlọ́run. Nígbà tí àjọ̀dún Ìfarahàn bá dé, wọ́n a gbé ère àwọn Amòye mẹ́ta dé iwájú ibùjẹ náà. Níbi tí àṣà náà bá ti wà, wọ́n a fi ẹfun tí Fádà ti bù kún kọ ọdún tuntun àti C, M, B sókè ẹnu ọ̀nà, láti bẹ Kristi pé kó bù kún ilé náà. Lẹ́yìn Ìrìbọmi Olúwa ni wọ́n máa ń tú ibùjẹ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìdílé kan ń fi í sílẹ̀ títí di 2 Oṣù Kejì, tí í ṣe ìrántí gbígbé Jésù lọ sí Tẹ́ḿpìlì.