Níbo Ni Ìtàn Tuntun Ti Ń Wá?

Ọ̀pọ̀ ìtàn àròsọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ fún wa ní ilé-kéwú wa ní Boundary dà bí ọmọ ìyá kan náà. Olówó kan a wà, ìyàwó kejì a máa hùwà ìkà, ikú a sì dé lójijì. Bí a bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí i, inú fíìmù ni. A kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa Al-Hariri, ará Basra, tó kú ní ọdún 1122.

A gbà á wá pé ó wà nínú mọ́sáláásí àdúgbò rẹ̀ nígbà tí arúgbó alágbe kan wọlé. Aṣọ rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ó ní ará Saruj ni òun, Abu Zayd ni orúkọ òun. Al-Hariri fi í kọ ìtàn kan. Nígbà tó yá, ìtàn náà di 50, àwọn ni Maqáámà tí àwọn akéwú ṣì ń kà.

Ẹ kíyè sí i: kò dúró lórí ohun tó rí. Ó mú alágbe náà rin ìlú dé ìlú, ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó lọ́wọ́ èèyàn.

Ní Èkó níbí, Isaac Thomas, olóòtú Akéde Èkó, mọ̀ pé àwọn èèyàn a máa kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Ní 1929, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn Sẹ̀gilọlá, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà ní tòótọ́.

Ṣé irọ́ wá ni ìtàn àròsọ? Al-Hariri ti fèsì nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bá ẹni tó fi ẹranko pàlọ́ wí. Ohun tó burú ni kí á kó àṣírí aládùúgbò sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ibi tí Apápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pààlà yìí kò ṣe aláìní ìtàn. Ẹ wo awakọ̀ tírélà tó ń ti èbúté bọ̀, ẹ wo ìyá tó ń pàtẹ lọ́jà. Ẹ yí orúkọ àti ilé wọn padà, kí ẹ wá bi ara yín pé: bí nǹkan kan bá yí padà fún un lónìí, kí ni yóò ṣe? Ìdáhùn yín ni ìtàn tuntun.

Kí Ọlọ́hun là wá lóye.