Ohùn Kì í Ṣe Ẹ̀ṣọ́: Àríwísí lórí Ọ̀nà Ìró tí A Fi Ń Kọ́ Ọmọdé ní Ìwé Yorùbá Kíkà

1. Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí ni ó ń fi fóníìsì polówó ara wọn. Ọ̀nà ìró ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín: ọmọ yóò kọ́kọ́ mọ ìró tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún, yóò sì máa so àwọn ìró náà pọ̀ títí tí wọn yóò fi di ọ̀rọ̀. Àwọn òbí ń san owó lé e lórí. Àwọn olùkọ́ mìíràn sì ń lọ láti ilé dé ilé láti fi kọ́ ọmọ olówó lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí. A kò bínú sí èyí. Ọ̀nà tí ó dára ni, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé nígbà tí àkókò iṣẹ́ Yorùbá bá tó, ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń gbé ka orí lẹ́tà Yorùbá láìyí nǹkan kan padà, tí wọ́n sì ń fi ohùn sílẹ̀ pé ó di ọjọ́ iwájú. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìṣòro tí wọ́n torí rẹ̀ dá ọ̀nà ìró sílẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tó nǹkan nínú Yorùbá. Èyí tí ó jẹ́ ìṣòro nínú Yorùbá gan-an, ọ̀nà náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ohùn ni ìṣòro náà, ọjọ́ kìíní ni ó sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

2. Ìdí tí ọ̀nà ìró fi gbilẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè

Lẹ́tà 26 ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ní, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ tó nǹkan bí 44. Nítorí náà lẹ́tà kan ní láti ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ìró tí 'a' ní nínú 'cat' kọ́ ni ó ní nínú 'cake', bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe èyí tí ó ní nínú 'ball'. Ọmọ tí wọn kò bá la èyí yé lẹ́sẹẹsẹ yóò máa méfò ni. Ní 1955, Rudolf Flesch kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà, 'Why Johnny Can't Read', tí ó fi bẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ há ọ̀rọ̀ odindi sórí láìkọ́ ọ ní ìró lẹ́tà. Ní 2000, ìgbìmọ̀ National Reading Panel ní orílẹ̀-èdè kan náà jábọ̀ pé kíkọ́ ìró lẹ́tà létòlétò ń ran ọmọ lọ́wọ́. Ìròyìn tí Jim Rose kọ ní 2006 gbè é lẹ́yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó sì di 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ 40 dán gbogbo ọmọ ọdún kìíní wò níbẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n lè so ìró pọ̀. Jolly Phonics, tí àwọn olùkọ́ wa mọ̀ dáadáa, jáde ní 1992. Ìró 42 ni ó fi ń kọ́ ọmọ.

Ó hàn gbangba pé ọgbọ́n gidi wà nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìṣòro èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọgbọ́n náà bá jìjàkadì.

3. Ohun tí lẹ́tà Yorùbá ti ṣe fún wa

Lẹ́tà 25 ni a ní: fáwẹ́lì 7 àti kọ́ńsónáǹtì 18. Láti ìgbà àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti ìpàdé àkọtọ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875, títí dé ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ohun tí àwọn àgbà ń lépa ni pé kí lẹ́tà kan dúró fún ìró kan. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é tán. Ọmọ tí ó bá ti mọ 'ba', kò sí ibi tí yóò ti pàdé rẹ̀ tí 'b' tàbí 'a' yóò ti yí ìró padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra kò pọ̀. Ìkíní, lẹ́tà méjì ni a fi kọ 'gb', ṣùgbọ́n ìró kan ṣoṣo ni. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ pe 'g' kí ó tó pe 'b' ti sọ igbá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìkejì, 'p' tiwa kì í ṣe 'p' àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìkẹta, iṣẹ́ mẹ́ta ni 'n' ń ṣe: kọ́ńsónáǹtì ni nínú 'ná', àmì àránmúpè ni nínú 'kan', sílébù odindi ni nínú 'ń lọ'. Lẹ́yìn 'm' àti 'n', a kì í tún kọ 'n' àránmúpè mọ́: 'mu' ni à ń kọ, kì í ṣe 'mun'. Ìkẹrin ni orúkọ lẹ́tà. À ń pè wọ́n ní bí, dí, fí. Ṣùgbọ́n kí 'bí' àti 'a' tó di 'ba', ọmọ ní láti gbé 'í' jù nù, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà sílébù ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá, kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì tí ó dá dúró.

4. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀

Bí a bá so kọ́ńsónáǹtì 18 mọ́ fáwẹ́lì 7, sílébù 126 ni yóò jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni èdè ń lò. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ ní 126 wọ̀nyí rò pé òun ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn mẹ́ta ni ó lè wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ó di 378. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni olùkọ́ náà kọ́ ọmọ, kò sì sọ fún un èwo ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì tí ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ dájú: 'Bọ́lá fọ àwo' àti 'Bọ́lá fọ́ àwo'. Ọmọ tí a gbóríyìn fún ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì, ó ti sá sẹ́yìn ilé. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀ rárá. Bákan náà ni 'ó kọ', 'ó kọ́' àti 'ó kọ̀', àti igba, igbá, ìgbà, ìgbá, tí ó jẹ́ iye, ohun èlò, àkókò àti ohun jíjẹ. Bí ohùn kò bá sí nínú ohun tí ọmọ kà, kò tíì ka ọ̀rọ̀. Àwọn ègé rẹ̀ ni ó kà. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì kí ó fetí sí dùndún. Kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì, síbẹ̀ ó ń kì ènìyàn, ẹni tí a kì sì ń dáhùn.

Èyí ni àríwísí wa gan-an. Ọ̀nà tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀nà ìró, tí ó wá fi ìró tí ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ sílẹ̀, kò tíì jẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

5. Àwọn àtakò

Àwọn kan yóò sọ pé àmì ohùn ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Èsì wa ni pé ohùn kì í ṣe ohun tuntun létí ọmọ. Kí ó tó mọ 'a' ni ó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín fọ àti fọ́. Àmì nìkan ni kò mọ̀, méjì péré sì ni àmì náà, nítorí pé ohùn àárín kì í gbà á. Ẹni tí ó lè dá 'b' mọ̀ yàtọ̀ sí 'd' lè dá ilà tí ó gòkè mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní àgbàlagbà ń ka ìwé ìròyìn tí kò ní àmì, ó sì ń yé e. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ti gbọ́ èdè fún ogójì ọdún, odindi gbólóhùn ni ojú rẹ̀ sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Sílébù kọ̀ọ̀kan ni ọmọdé ń tẹ̀lé. Nígbà tí yóò bá fi dé ìparí gbólóhùn tí ìbá ràn án lọ́wọ́, ó ti pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní àpèdànù.

Àtakò kẹta wúwo jù: ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro kò gbọ́ Yorùbá nílé mọ́, nítorí náà ohùn tí a ní ó wà létí wọn kò sí níbẹ̀. A gbà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ka ojú ìwé kan já geere kí ó má mọ ohun tí ó kà. Ṣùgbọ́n èyí kò dá ohùn dúró. Ó sọ ọ́ di kánjúkánjú ni. Àlọ́, orin àti eré ẹnu ni ó yẹ kí a fi kún etí rẹ̀ kí ìwé tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn òbí tí ó ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò pa èdè Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wọn lára kò mọ ìtàn. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

6. Ètò tí a dá lábàá

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ṣọ́ọ̀kì má kan pátákó. Kí olùkọ́ fi dò-re-mí pe orúkọ àwọn ọmọ, kí wọ́n fi ọwọ́ sókè, sí àárín, sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí fáwẹ́lì wọlé, kí sílébù bíi 'ba, bá, bà' sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kan náà, kí ọmọ mọ̀ pé ibi tí kò sí àmì náà ń sọ̀rọ̀. Kí 'gb', 'p', 'ṣ' ní ọ̀sẹ̀ tiwọn. Kí fáwẹ́lì àránmúpè tẹ̀ lé e, kí 'ń' aṣesílébù sì kẹ́yìn. Ìpajẹ fáwẹ́lì, àti bí 'rà' ṣe ń di 'ra' nínú 'ra ẹran', kì í ṣe ẹrù ọmọ ọdún kìíní. Àwọn ìwé tí a ní lọ́wọ́, tí ó fi mọ́ Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, kò dènà ètò yìí; olùkọ́ ni yóò fi ohùn ṣáájú wọn.

7. Ọ̀rọ̀ sí àwọn tí ń ṣe ìdánwò

Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-ìwé gíga ń rí èso gbòǹgbò yìí. Ọmọ yóò kọ àròkọ rẹ̀ tán láìfi àmì kan sí i, yóò wo aago, yóò wá máa fọ́n àmì sórí rẹ̀ bí ẹni fọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí ó ti jinná. Kò gbọ́ ohun tí ó ń kọ. Ẹ̀ṣọ́ ni ó ń ṣe. A ń gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ti kọjá lórí ẹ̀bi náà. Bí ìdánwò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ní àpèkọ kékeré nínú, tí fọ àti fọ́ jọ wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ yóò kọ́ ọ, nítorí ohun tí a bá bèèrè ni wọ́n ń kọ́. Kí àwa náà sì rí i pé ìwé ìbéèrè tí a fi ń dán ọmọ wò ní àmì ohùn tirẹ̀ pé. Èwo ni kí a máa bèèrè ohun tí àwa fúnra wa kò kọ?

8. Àgbálọgbábọ̀

A kò ní kí ẹnikẹ́ni ju ọ̀nà ìró nù. A ní kí a mú un dé ibi tí èdè wa wà. Lẹ́tà wa ti rọ ìdajì iṣẹ́ náà lọ́rùn. Ìdajì tí ó kù wà lọ́wọ́ olùkọ́ ọdún kìíní. Ọmọ tí ìwé Yorùbá bá ń pè ní ohùn tí ó mọ̀ yóò máa padà sí i. Èyí tí ó bá rí i bí àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀ yóò pa á dé, kò sì ní ṣí i mọ́ lẹ́yìn ìdánwò. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.